Ta Ni Yóò Lọ Kan Ilẹ̀kùn?

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìtàn kan tó kọ̀ tí kò parí. Alẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tán, nínú yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́. Bí iná bá wà, mo ń kọ. Bí wọ́n bá mú un lọ, mo ń kọ títí láptọ́ọ̀pù á fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìtàn ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ni. Èrò 312 ló wà nínú rẹ̀, ìdí ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ, Proxima Centauri, ni wọ́n ń lọ. Olóyèmẹkùn, oríkì ìlú wa, ni mo sọ ọkọ̀ náà. Ọmọ Àkúrẹ́ tó bá ka èyí á ti rẹ́rìn-ín.

Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mi ò lè purọ́ lórí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìmọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tó ń sáré tó o, máa ń lo ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ Voyager 1 tí àwọn Amẹ́ríkà jù sókè lọ́dún 1977 ń sáré bíi kìlómítà 61,000 ní wákàtí kan. Ká ní ibẹ̀ ló kọjú sí, á gbà á ní ohun tó ju 70,000 ọdún lọ. Mo wá fún ọkọ̀ tèmi ní ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀. Ṣebí èmi ni mo ni ìtàn mi. Síbẹ̀, ọdún méjìlélógójì ni, kò dín. Ni mo bá kun àwọn èrò lóorun, mo tò wọ́n sínú àpótí dídì bí ẹja inú fírísà. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan: ta ni yóò jókòó síwájú fún ọdún méjìlélógójì?

Ojú ìwé kẹtàlélógún ni mo há sí.

Ṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló kọ́kọ́ dá sí i. FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, ló wà, iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń kọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa, tí á sì gba gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ilé. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ka ojú ìwé náà, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ ń wá ènìyàn fún? Ẹ gbé ọkọ̀ fún AI, kẹ́ ẹ lọ sùn."

Mo ní ta ló fẹ́ ka ìtàn tí ènìyàn ò ti ṣe olórí ọkọ̀?

"Ẹ ti wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ Èkó rí, àbí ẹ ò wọ̀ ọ́ rí?"

Ó mọ ibi tó ti máa mú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì, tó ń wo dẹ́rẹ́bà tí yóò gbé e lọ tó ń ra paraga ní aago mẹ́fà àárọ̀, á mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ẹ̀rọ kì í mu paraga. Ẹ̀rọ kì í tòògbé. Kì í bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá eré ìje lójú ọ̀nà Orẹ̀. Kì í fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, kó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí, kó máa bá ìyàwó kejì jà. (Èyí ṣojú mi kòrókòró. Orin ẹ̀mí ni gbogbo wa ń kọ títí a fi dé.)

Mo kọ́kọ́ rò pé àríyànjiyàn àwa tí à ń kọ ìtàn ni, àṣé ọjọ́ kan náà ni òun àti ìrìn-àjò ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú jọ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, tí Yuri Gagarin ọmọ Rọ́ṣíà yí ayé po ní ìṣẹ́jú 108, òun kọ́ ló wa ọkọ̀. Wọ́n ti ti ohun ìdarí pa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà pé bí ara ènìyàn bá ń léfòó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ lè dàrú, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ sọnù. Ni wọ́n bá kọ nọ́ńbà mẹ́ta, 1, 2, 5, wọ́n fi í sínú àpòòwé, wọ́n gbé e sí ìtòsí rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tí orí rẹ̀ ṣì pé débi tó lè já àpòòwé kó ka nọ́ńbà, a jẹ́ pé ó lè wa ọkọ̀ nìyẹn. Èrò ọkọ̀ ni Gagarin, èrò tó wọ aṣọ dẹ́rẹ́bà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kó tó gbéra, àwọn tó wà nílẹ̀ ti yọ́ nọ́ńbà náà sọ sí i létí. Ẹ̀rọ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á ní òfin lòfin.

Ṣẹ́gun ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní kí n lọ wo Buran, ọkọ̀ àwọn Rọ́ṣíà yìí kan náà, tó gòkè ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1988 láìsí ẹyọ ènìyàn kan nínú rẹ̀, tó yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, tó sì padà wá fúnra rẹ̀ bà sórí títì bíi bàálù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀, ó ṣàdédé yà gba ibi tí àwọn tó ń wò ó nílẹ̀ ò retí. Àyà wọn já. Àṣé atẹ́gùn ló ń ṣírò, ó sì ṣírò rẹ̀ re.

Mo fi ti òṣùpá dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969, kọ̀ǹpútà ń gbé àwọn méjì lọ sórí òkúta ràbàtà-ràbàtà. Neil Armstrong gba ọkọ̀, ó fò ó kọjá, ó ń wá ibi tó tẹ́jú. Nígbà tó fi máa balẹ̀, epo tó kù kò tó ti ìṣẹ́jú kan. Bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ènìyàn borí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ìtàn yìí ní kíláàsì títí mo fi mọ̀ pé a máa ń bu ibì kan nínú rẹ̀ jẹ. Kọ̀ǹpútà yẹn náà ṣe akin. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ó ń ké gbàjarè, nọ́ńbà 1202 ń tàn lójú rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó da àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ nù, ó di ìbalẹ̀ mú. Bí ìyá tó pọn ọmọ, tó tún ru igi, tí òjò wá ká mọ́ orí òkè Ìdànrè. Igi ló máa jù sílẹ̀, kò ní tú ọ̀já. Armstrong gan-an tí à ń yìn, kọ̀ǹpútà náà ló ń bá a di ọkọ̀ dúró bó ṣe ń darí rẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti wíwa ọkọ̀ nìkan ni, mo gbà fún Ṣẹ́gun. Bí ènìyàn bá dé Mars lásán, ọ̀rọ̀ tó bá sọ máa lo bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì lè tó méjìlélógún, kó tó dé ilé, àlọ nìkan nìyẹn. Kò sí pé à ń pe ọ̀gá gáréèjì pé ẹ gbà wá. Kí èsì tó dé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì kan ló yí mi lọ́kàn padà, tàbí kí n kúkú sọ pé òun ló fi hàn mí pé ìbéèrè mi ló wọ́. Lọ́dún 2017, FUTA tiwa níbí àti Kyushu Institute of Technology ní Jàpáánù jọ gbé Nigeria EduSat-1 jáde. Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóòró, ìwúwo rẹ̀ bíi ti àpò ìyẹ̀fun kìlógíráàmù kan. Oṣù kẹfà ló gòkè, oṣù keje ni wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfuurufú. Mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí kíláàsì, àwọn ọmọ ò gbà pé ohun tó lè wọ inú báàgì ìwé wọn ló ń yí ayé po. Lọ́dún 2019 ó já bọ̀, ó jóná nínú afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò rí. Kò sẹ́ni tó sunkún. Kò sẹ́ni tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kò ní olórí ọkọ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi olórí ọkọ̀ ṣe. Torí èrò la ṣe ń wá olórí.

Ní gáréèjì a ní dẹ́rẹ́bà, a ní kọ̀ńdọ́, a ní ọlọ́kọ̀ tó jókòó sílé tó ń retí owó. Lójú omi a ní atukọ̀. Inú Bíbélì ni mo ti rí "olórí ọkọ̀" tí mo ń lò yìí, nínú ìwé Jónà. Ìjì ń jà, ọkọ̀ fẹ́ fọ́, olórí ọkọ̀ sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá èrò kan tó ń sùn ní ìsàlẹ̀, ó jí i. Mo wá gbogbo orí ìwé náà, mi ò rí iṣẹ́ mìíràn tó ṣe. Àwọn yòókù ló ń tukọ̀.

Bàbá mi wa Péjò 504 láti Àkúrẹ́ sí Èkó fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì ń gbọ́ ohun tí a ò bá wọn sọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí èmi àti Ṣẹ́gun ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Dúpẹ́, ṣé mo sọ ti ìyá Ìsọ̀lọ̀ fún yín rí?"

Mo ti gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ tán ni.

Alẹ́ ni wọ́n ń ti Èkó bọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó síwájú, létí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n kọjá Orẹ̀, ìyá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun yí gíláàsì sókè, òtútù ń mú òun. Bàbá na ọwọ́ kọjá, wọ́n yí i. Ìyá bèèrè pé, "Ṣé a ti dé Oǹdó?" Bàbá ní, "Ó kù díẹ̀, ìyá." Nígbà tí wọ́n dé Oǹdó, ẹni tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án láti jí i. Ìyá ti lọ.

Èrò figbe ta. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn kan ní ọsibítù. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n rọra tẹ́ ẹ sábẹ́ ilé kan, kí mọ́tò máa lọ. Bàbá ní, "Owó Àkúrẹ́ ni mo gbà lọ́wọ́ ìyá yìí." Wọ́n dá owó padà fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà, àwọn yẹn sì sọ̀kalẹ̀. Èrò mẹ́ta ló kù tó bá wọn lọ. Lẹ́tà kan wà nínú báàgì ìyá, àdírẹ́sì ilé kan ní Ìsọ̀lọ̀, ti Àkúrẹ́ níbí, wà lára àpòòwé rẹ̀.

Bí aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n débẹ̀. Bàbá ṣí búùtù, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n fi ń bu omi sí rédíétọ̀, wọ́n fi bọ́jú. Wọ́n dé fìlà. Wọ́n tún ṣí i. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Inú ilé dáhùn pé, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni." Bí wọ́n ṣe dáhùn nìyẹn, bí ẹni pé ẹnì kan mọ̀ wọ́n níbẹ̀.

Ọmọkùnrin ìyá ló gbé àtùpà jáde. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹni tó ṣeé ṣe kí wọ́n jù lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó wo mọ́tò. Nígbà tó yá tí ẹnu rẹ̀ là, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?"

Bàbá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìyá bèèrè bóyá àwọn ti dé Oǹdó.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń dún. Ṣẹ́gun ló fọhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì fi sọ ọ́, mo jẹ́rìí sí i. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má bínú o. Ká ní ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, á ti gbọ́ pé ọkàn ìyá ò lù dáadáa mọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Orẹ̀. Á ti yà sí ọsibítù. Bóyá ìyá ì bá má kú."

Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ohun tí mo lè fi bínú. Bàbá ló mi orí.

"Òótọ́ ni," wọ́n ní. "Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtútù tí ìyá ní ó ń mú òun yẹn, ooru ló mú lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa là ń làágùn. Mo yí gíláàsì, mi ò bi í pé kí ló dé."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gbé gíláàsì yẹn kiri. Bàbá tí ojú wọn ò ríran tó mọ́, wọ́n ṣì ń rí ọwọ́ ara wọn lórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè bá Ṣẹ́gun jiyàn bí mo ṣe ń bá a jiyàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ì bá ti ṣe é dára ju Bàbá lọ. Ibi tí mo dúró sí ni pé, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ṣì í lọ́jọ́ kan, kódà kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ọdún, lọ́jọ́ náà ta ló máa gbé gíláàsì? Wọ́n á tún ẹ̀rọ kọ ni, wọ́n á fún un ní ọpọlọ mìíràn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì á jí bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ṣẹ́gun ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló máa jẹ́jọ́. Lórí ilẹ̀ níbí, bóyá. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Proxima, kí ìwé ìpẹ̀jọ́ tó dé ilé-iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ọdún á ti lọ, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ á ti kú tán.

Ìrè-Èkìtì ò jìnnà síbí. Gbogbo wa la mọ ohun tí Ògún ṣe níbẹ̀. Ó dé, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n jókòó láìfọhùn, ó bá agbè ẹmu tó ṣófo, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó yọ idà. Tí mo bá ń ro irin tó gbọ́n, tó lágbára, tó wá ṣi ìdákẹ́jẹ́ gbọ́, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Ògún là, kò dúró kí wọ́n tún òun kọ. Ó wọlẹ̀. Irin tí ojú ń tì ni Ìrè ń bọ títí dòní, mi ò sì tíì rí kọ̀ǹpútà tó wọlẹ̀.

Àṣà ìlú wa ló yọ mí níkẹyìn. Ní ìparí ọdún 2013 tí Déjì Adébíyì Adésìdà, ọba wa, wàjà, ọmọ wọn obìnrin ló di adelé, títí di ọdún 2015 tí Déjì tuntun fi gorí ìtẹ́. Ẹni tó bá rántí ìgbà náà á rántí aṣọ ọkùnrin tí wọ́n ń wọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Adelé ń jókòó, ó ń gbọ́ ẹjọ́, ìlú ò sì dàrú. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan l'Ákùúrẹ́ tí kò mọ̀ pé ìtẹ́ yẹn ní ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹ̀rọ sí Olóyèmẹkùn. Adelé ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń gbọ́ ọkàn àwọn èrò 312 bó ṣe ń lù, gbogbo ohun tí Ṣẹ́gun béèrè ni mo fún un. Olórí ọkọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí, wà nínú àpótí dídì bíi tàwọn yòókù.

"Bí adelé bá wá kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?" Ṣẹ́gun ní.

Mo ti ń retí ìyẹn. Mo yí àpòòwé Gagarin padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ti nǹkan pa mọ́ lọ́wọ́, ènìyàn ló ni nọ́ńbà mẹ́ta náà. Ó yẹ kó jẹ́ Mojí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, ó ti yọ́ ọ sọ sí ìyá olóúnjẹ létí.

Ọdún kọkàndínlógún ìrìn-àjò, obìnrin kan kú nínú àpótí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní àpótí kejì, kò mọ nǹkan kan, ó ṣì kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àsìkò àtijí tirẹ̀ tó pé. Ọkọ̀ ò yẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ìpinnu kankan láti ṣe. Adelé lè sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá jí, ohùn rẹ̀ sì dùn ju ti Mojí lọ. Ṣùgbọ́n ó jí Mojí. Mojí bèèrè gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí ìkẹyìn, ó há a sórí. Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo kọ ọ́ pé ó bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì, ó bọ́jú, ó wé gèlè, ó tún tú u, ó lọ fi ìka kan gíláàsì àpótí ọmọ náà.

Ṣẹ́gun kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó máa padà sí ọgbà FUTA ní Ọbáńlá pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, kò sí òòfà níbẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì? Gbogbo ẹ̀ á máa fò káàkiri ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pa ìlà yẹn rẹ́, mo fún Mojí ní tówẹ́ẹ̀lì tútù.